Bí awọ sẹ́ẹ̀lì bá ń ṣàn bí òróró, kí ni ó ń dì í mú, ta sì ni ó ń yan ohun tí yóò wọlé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Bàọ́lọ́jì béèrè pé:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. A ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa sẹ́ẹ̀lì láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo sì ti ka orí tí ó dá lórí awọ sẹ́ẹ̀lì nínú ìwé wa ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, síbẹ̀ àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tí mo lè há sórí kí n sì kọ sínú ìdánwò, ṣùgbọ́n tí n kò lè sọ pé wọ́n yé mi. N kò fẹ́ máa kọ ohun tí kò yé mi, ìdí nìyí tí mo fi gbé e wá síwájú yín.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìwé náà sọ pé ọ̀rá ni ìpìlẹ̀ awọ yìí, pé ìpele méjì péré ni ọ̀rá náà ní, àti pé gbogbo nínípọn rẹ̀ kò ju nánómítà 5 sí 8 lọ. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀: a ó to irú awọ bẹ́ẹ̀ tí ó lé ní 10,000 léra kí ó tó nípọn tó ewé ìwé kan. Ìwé kan náà tún sọ pé awọ náà kò le, pé ṣe ni ó ń ṣàn, tí àwọn mólékúlù inú rẹ̀ sì ń pààrọ̀ ipò láìsinmi. Bí ohun kan bá fẹ́lẹ́ tó báyìí, tí ó tún ń ṣàn, kí ló dé tí kò fi túká sínú omi tí ó wà nínú àti lóde rẹ̀?

Ohun kejì ni ọ̀rọ̀ pé awọ náà “ń yan” ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò jáde. Ta ni ó ń yàn án? Ọ̀rá kò ní ojú tí yóò fi mọ ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn.

Ohun kẹta ni omi fúnra rẹ̀. Bí àárín awọ náà bá ń sá fún omi, báwo ni omi ṣe ń gba ibẹ̀ kọjá tí sẹ́ẹ̀lì fi lè wú tàbí kí ó sún kì? Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi tú u palẹ̀.

Olùkọ́ Tí Ó Ti Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìbéèrè yìí gan-an, pàápàá nítorí pé o kọ̀ láti há a sórí lásán. Èmi yóò mú ti àkọ́kọ́, nítorí pé òun ni ìyókù dúró lé, kí àwọn ẹlòmíràn tó mọ̀ jù mí lọ nípa ìyókù wá dá sí i.

Èrò kan wà tí ó yẹ kí o kọ́kọ́ yọ kúrò lọ́kàn, èyí ni pé àwọn mólékúlù ọ̀rá inú awọ náà so mọ́ ara wọn bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń so mọ́ okùn. Wọn kò so rárá. Omi tí o rò pé yóò tú wọn ká gan-an ni ó ń tì wọ́n pọ̀.

Wo bí fọ́sífólípídì kan, irú ọ̀rá tí a fi ṣe ìpìlẹ̀ awọ náà, ṣe rí. Ó ní orí kan, ó sì ní ìrù méjì. Fọ́síféètì wà ní orí náà, ó sì gbé iná mànàmáná dání, nítorí náà ara rẹ̀ yá mọ́ omi. Ìrù méjèèjì jẹ́ ẹ̀wọ̀n gígùn tí a fi kábọ̀nù àti háídírójìn ṣe, kò sì sí ohun kan lára wọn tí omi lè fi ọwọ́ mú. Àwọn mólékúlù omi a máa di ara wọn mú, wọn a sì máa tú sílẹ̀ láti di ẹlòmíràn mú, láìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Nígbà tí ìrù ọ̀rá bá bọ́ sáàárín wọn, àwọn omi tí ó yí i ká kò rí i dì mú, wọ́n sì níláti to ara wọn yí i ká ní ọ̀nà tí ó há wọn mọ́. Bí àwọn ìrù bá kó ara wọn jọ sí ibì kan tí wọ́n fara pamọ́, omi tí ó níláti máa há mọ́ ara wọn kò pọ̀ mọ́, ó sì rọrùn fún gbogbo wọn. Ìdí nìyí tí àwọn orí fi kọjú sí omi ní ìhà méjèèjì, tí àwọn ìrù sì kọjú sí ara wọn ní àárín. Ẹnikẹ́ni kò tò wọ́n. Bí o bá da irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ tí a ti yọ́ mọ́ sínú omi nínú ife dígí, fúnra rẹ̀ ni yóò di ìpele méjì, kò sì ní dúró gẹ́gẹ́ bí ẹní tí a tẹ́ sílẹ̀, nítorí pé etí ẹní náà yóò fi àwọn ìrù hàn sí omi. Yóò ká ara rẹ̀ kò títí yóò fi di àpò róbótó tí kò ní etí kankan.

Pé ìpele náà jẹ́ méjì kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ojú rí ní àkọ́kọ́. Ní ọdún 1925, àwọn onímọ̀ méjì ará Nẹ́dálándì, Gorter àti Grendel, yọ ọ̀rá láti ara sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sójú omi títí ó fi di ìpele kan ṣoṣo, wọ́n sì wọn bí ó ṣe fẹ̀ tó. Ó fẹ̀ ní ìlọ́po méjì ojú ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ti yọ ọ́. Sẹ́ẹ̀lì pupa ni wọ́n lò, yíyàn náà sì mọ́gbọ́n dání, nítorí pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nínú ara ènìyàn kò ní awọ mìíràn nínú ju ti òde yìí lọ. Lẹ́yìn náà ni a wá mọ̀ pé wọn kò yọ gbogbo ọ̀rá náà tán, àti pé wọ́n ṣi ojú ara sẹ́ẹ̀lì wọ̀n, tí ó kéré sí bí ó ṣe yẹ. Àṣìṣe kejì dí ti àkọ́kọ́, ìdáhùn wọn sì bọ́ sí i. Mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, nítorí pé ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọwọ́ ènìyàn ni ìmọ̀ yìí ti wá.

Ní ti ṣíṣàn rẹ̀, òtítọ́ ni ìwé rẹ sọ. Fọ́sífólípídì kan lè pààrọ̀ ipò pẹ̀lú aládùúgbò rẹ̀ ní nǹkan bíi ìgbà mílíọ̀nù 10 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì lè rìn láti ìpẹ̀kun kan bakitéríà dé ìkejì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì. Àwọn prótéènì náà ń rìn. Ní ọdún 1970, Frye àti Edidin so sẹ́ẹ̀lì ènìyàn pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì eku títí wọ́n fi di ọ̀kan, wọ́n sì fi àwọ̀ méjì tí ń tàn sàmì sí prótéènì ojú awọ àwọn méjèèjì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdajì sẹ́ẹ̀lì náà ní àwọ̀ kan, ìdajì kejì ní òmíràn. Lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú 40 ní ìwọ̀n ooru ara, àwọ̀ méjèèjì ti pòpọ̀ káàkiri. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n sínú òtútù, àwọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ má pòpọ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn èyí ni Singer àti Nicolson gbé àpèjúwe wọn jáde, pé prótéènì ń léfòó nínú ọ̀rá tí ń ṣàn, àpèjúwe yìí náà sì ni ìwé rẹ ń tọ̀.

Ṣàkíyèsí pé ẹ̀gbẹ́ ni wọ́n ń rìn sí. Kí mólékúlù kan tó lè ṣí láti ìpele òde bọ́ sí ti inú, orí rẹ̀ tí ó fẹ́ràn omi níláti la àárín àwọn ìrù kọjá, èyí sì ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè gba ọ̀pọ̀ wákàtí bí kò bá sí prótéènì tí yóò ràn án lọ́wọ́. Nítorí ìdí èyí ni ìpele méjèèjì fi lè ní ọ̀rá tí kò jọra.

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwádìí dáhùn pé:

Ẹ ṣeun púpọ̀, olùkọ́ wa. Kí n tó mú ìbéèrè kejì, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kan kún èyí tí ẹ sọ. Nítorí pé awọ náà ń ṣàn, ó rọrùn fún un láti tẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè nà. Bí ẹ bá fà á títí ó fi fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìdá 2 sí 5 nínú ọgọ́rùn-ún, yóò ya. Sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀ ń fún ara rẹ̀ gba inú òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó tín-ín-rín ju òun fúnra rẹ̀ lọ, ó sì ń yè é, nítorí pé ìrísí rẹ̀ tí àárín rẹ̀ rì sínú fún un ní awọ tí ó pọ̀ ju ohun tí ó wà nínú rẹ̀ lọ, àti nítorí pé àwọ̀n prótéènì kan tí à ń pè ní spectrin wà lábẹ́ awọ náà tí ó ń gbé e ró. Nínú àwọn ènìyàn tí wọ́n bí pẹ̀lú àléébù lára àwọ̀n yìí tàbí lára ohun tí ó so ó mọ́ awọ, sẹ́ẹ̀lì pupa wọn a di róbótó bí òrombó, ẹ̀yà ara tí ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ a sì máa pa á run kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ yíyàn. Ìhà méjì ni yíyàn náà ti wá. Ọ̀rá fúnra rẹ̀ ń yàn ní ọ̀nà tí kò nílò ojú: ohun tí ó bá lè yọ́ mọ́ ọ̀rá yóò kọjá, èyí tí kò bá lè yọ́ mọ́ ọn yóò dúró sóde. Ọ́ksíjìn ń kọjá, kábọ̀n dàìọ́ksáìdì ń kọjá, àwọn họ́mónù kan tí ara wọn jẹ́ ọ̀rá náà ń kọjá. Íónì, èyí ni átọ́mù tí ó gbé iná dání, kò lè kọjá rárá, bí ó ti wù kí ó kéré tó, nítorí pé omi ti dì mọ́ ọn níhà gbogbo, kò sì sí ohun tí yóò sanwó fún un bí ó bá bọ́ aṣọ omi yẹn sílẹ̀ láti wọ inú ọ̀rá. Ṣúgà tóbi, ó sì fẹ́ràn omi, òun náà kò lè dá wọlé.

Ìhà kejì ni ti àwọn prótéènì tí wọ́n la awọ náà já láti òde dé inú. Ìwọ̀n wọn nínú awọ kan kò rí bákan náà pẹ̀lú ti òmíràn: nínú awọ inú lọ́hùn-ún ti mitokọ́ńdíríà, ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tí ń pèsè agbára, níbi tí iṣẹ́ pọ̀ sí, prótéènì kó nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìwọ̀n gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú awọ tí ó wé ẹ̀ka àwọn sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó má jẹ́ kí iná jò lọ, ọ̀rá ni ó pọ̀ jù.

Láti fi hàn yín bí prótéènì ṣe ń yàn, n ó mú èyí tí ó jọ mí lójú jù. Íónì sódíọ̀mù kéré ju íónì pọtáṣíọ̀mù lọ. Síbẹ̀ ihò prótéènì kan wà tí ó ń jẹ́ kí pọtáṣíọ̀mù kọjá, tí ó sì ń kọ sódíọ̀mù, débi pé nǹkan bí 10,000 pọtáṣíọ̀mù lè kọjá kí sódíọ̀mù kan tó rí ọ̀nà. Báwo ni ihò ṣe lè gba èyí tí ó tóbi kí ó sì kọ èyí tí ó kéré? Ní ọdún 1998, Roderick MacKinnon àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ fi ìrísí ihò náà hàn títí dé orí átọ́mù. Níbi tí ihò náà ti há jù, àwọn átọ́mù ọ́ksíjìn tò yí i ká, wọ́n sì jìnnà sí ara wọn gẹ́lẹ́ bí ọ́ksíjìn inú omi tí ó yí pọtáṣíọ̀mù ká ṣe máa ń jìnnà. Pọtáṣíọ̀mù bọ́ aṣọ omi rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ihò, ó sì bá aṣọ mìíràn tí ó bá a mu régí nínú ihò. Kò pàdánù ohunkóhun. Sódíọ̀mù kéré jù fún aṣọ yẹn. Ọwọ́ rẹ̀ kò tó àwọn ọ́ksíjìn náà níhà gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà ó sàn fún un kí ó dúró sínú omi. Àbúrò, ìdáhùn sí “ta ni ó ń yàn” nìyí: kò sí ẹni tí ń wo ojú ẹni, ìrísí ihò náà àti ohun tí ó ná íónì láti fi omi sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ìdájọ́.

Ní ti omi, ìwé rẹ kò parọ́, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́ tán. Omi kéré púpọ̀, kò sì gbé iná dání, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni ó ń yọ́ gba àárín ọ̀rá kọjá. Àwọn onímọ̀ ti ń fura tipẹ́ pé èyí nìkan kò tó, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì pupa àti sẹ́ẹ̀lì inú kíndìnrín ń gba omi ní ìwọ̀n tí ó yára ju bẹ́ẹ̀ lọ. Peter Agre ni ó wá rí prótéènì tí ó ń ṣe é, ó sì fi ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní ọdún 1992. Ẹyin ọ̀pọ̀lọ́ kì í gba omi kíákíá. Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí ẹyin náà ṣe prótéènì yìí, tí wọ́n sì gbé e sínú omi tí kò fi bẹ́ẹ̀ ní iyọ̀, ó wú, ó sì bẹ́. Orúkọ prótéènì náà ni aquaporin. Mólékúlù omi bíi bílíọ̀nù 3 lè gba inú ọ̀kan ṣoṣo kọjá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n ń tò tẹ̀lé ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, síbẹ̀ íónì háídírójìn kò rí ààyè tẹ̀lé wọn. Òun àti MacKinnon ni wọ́n jọ gba Ẹ̀bùn Nobel ti kẹ́místrì ní ọdún 2003.

Ẹni Tuntun dáhùn pé:

Mo kí gbogbo ilé. Ṣé kì í ṣe pé ògiri sẹ́ẹ̀lì ni ó ń di gbogbo rẹ̀ mú? Ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ògiri ni ó wà lóde pátápátá, òun ni ó sì ń dènà ohun tí kò yẹ kí ó wọlé.

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwádìí dáhùn pé:

Ẹ káàbọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń da méjèèjì pọ̀, ó sì yẹ kí a là wọ́n níjà. Ohun ọ̀gbìn, olú àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ bakitéríà ní ògiri lóde awọ wọn. Ẹranko àti ènìyàn kò ní in rárá, síbẹ̀ sẹ́ẹ̀lì wa kò túká. Ògiri ohun ọ̀gbìn ń dènà kí sẹ́ẹ̀lì má wú kọjá ààlà, ṣùgbọ́n ihò ara rẹ̀ tóbi fún omi, iyọ̀ àti ṣúgà, wọ́n ń gba ibẹ̀ kọjá láìbéèrè. Awọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ ni ó ń yàn.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i. Ẹ bó awọ fẹ́lẹ́ ara àlùbọ́sà pupa, ẹ tẹ́ ẹ sórí dígí, ẹ kán omi iyọ̀ sí i, kí ẹ sì wò ó lábẹ́ máíkírósíkóòpù. Láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, inú sẹ́ẹ̀lì náà tí ó pupa yóò máa sún kì kúrò lára ògiri, ògiri yóò sì dúró ní ipò rẹ̀ bí àpótí. Omi iyọ̀ ti gba inú ògiri wọlé láti kún àlàfo tí ó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n iyọ̀ inú rẹ̀ kò lè gba awọ kọjá, bẹ́ẹ̀ ni àwọ̀ pupa náà kò lè jáde. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i ni mo tó gbà tọkàntọkàn pé awọ náà wà níbẹ̀, nítorí pé ojú lásán kò lè rí i tẹ́lẹ̀ láàárín òun àti ògiri.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bàọ́lọ́jì dáhùn pé:

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin olùkọ́ mi. Ọ̀rọ̀ aṣọ omi yẹn ti jẹ́ kí ohun púpọ̀ yé mi. Ṣùgbọ́n ó tún bí ìbéèrè mìíràn. Bí ihò bá wà fún pọtáṣíọ̀mù, tí ihò mìíràn sì wà fún sódíọ̀mù, ṣé kò yẹ kí ohun tí ó wà nínú àti ohun tí ó wà lóde ti dọ́gba láti ọjọ́ pípẹ́? Ìwé mi sọ pé sódíọ̀mù pọ̀ lóde, pọtáṣíọ̀mù sì pọ̀ nínú, ó sì wà bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì ti wà láàyè.

Nọ́ọ̀sì Àgbà dáhùn pé:

Ọmọ mi, bí kò bá sí ohun tí ń ṣiṣẹ́ lọ́sàn-án àti lóru, wọn ì bá ti dọ́gba. Nínú ara ènìyàn, sódíọ̀mù tí ó wà lóde sẹ́ẹ̀lì jẹ́ nǹkan bíi 145 nígbà tí ti inú jẹ́ nǹkan bíi 12. Pọtáṣíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì jẹ́ nǹkan bíi 140, ti òde sì jẹ́ 4 tàbí 5, bí a bá fi mílímólù nínú lítà kan wọ̀n wọ́n. Jíjò ń lọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pọ́ǹpù kan wà lára awọ náà tí ń dá ohun tí ó jò padà. Jens Skou ni ó ṣàpèjúwe rẹ̀ ní ọdún 1957 láti ara iṣan ìmọ̀lára ẹsẹ̀ akàn, wọ́n sì fi Ẹ̀bùn Nobel dá a lọ́lá fún un ní ọdún 1997. Ní ìyípo kọ̀ọ̀kan, pọ́ǹpù yìí ń lé sódíọ̀mù 3 jáde, ó ń fa pọtáṣíọ̀mù 2 wọlé, ó sì ń jó mólékúlù kan ti ATP, ohun tí sẹ́ẹ̀lì ń ná fún agbára. Apá tí kò kéré nínú oúnjẹ tí ènìyàn ń jẹ ni ó ń lọ sórí iṣẹ́ yìí, àní nígbà tí a bá sùn.

Má rò pé òfò ni. Àìdọ́gba yẹn gan-an ni ara ń ná. Nítorí rẹ̀ àti nítorí pọtáṣíọ̀mù tí ń jò jáde, inú sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára fi nǹkan bí ìdá 70 nínú ẹgbẹ̀rún volt kan lọ sílẹ̀ ju òde lọ. Iye yìí lè dà bí ohun kékeré títí ìwọ yóò fi rántí bí awọ náà ti fẹ́lẹ́ tó. Bí o bá pín in sórí nánómítà 7, ó tó volt mílíọ̀nù 10 ní mítà kan. Agbára tí ó wà ní sẹpẹ́ yìí ni ihò sódíọ̀mù ń tú sílẹ̀ nígbà tí sẹ́ẹ̀lì ìmọ̀lára bá ń ránṣẹ́.

Èyí tí ó kan iṣẹ́ tèmi jù lọ ni ti inú ìfun. Lára awọ àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó tẹ́ inú ìfun kékeré, prótéènì kan wà tí kì í gba ṣúgà wọlé bí kò ṣe pé sódíọ̀mù bá a rìn: sódíọ̀mù 2 sí glúkósì 1. Sódíọ̀mù ń sáré wọlé nítorí pé pọ́ǹpù ti sọ inú di ibi tí ó ṣọ̀wọ́n sí, ó sì ń fa glúkósì dání. Omi a sì tẹ̀lé wọn. Robert Crane ni ó kọ́kọ́ dábàá èyí ní ọdún 1960. Nígbà tí àrùn onígbáméjì bá mú ènìyàn, oró kòkòrò náà a mú kí ihò klóráìdì ṣí sílẹ̀ gbayawu, klóráìdì a máa tú sínú ìfun, omi a sì máa tẹ̀ lé e títí aláìsàn yóò fi gbẹ. Ṣùgbọ́n oró náà kì í fọwọ́ kan ọ̀nà tí sódíọ̀mù àti glúkósì ń gbà wọlé. Ìdí nìyẹn tí omi mímọ́ lásán kò fi tó láti gba irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ là, tí omi oníyọ̀-àti-ṣúgà sì ń ṣe é, bí a bá pò ó bí ó ti yẹ. Nínú èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí, sódíọ̀mù jẹ́ mílímólù 75 nínú lítà kan, glúkósì náà sì jẹ́ 75. Mo ti rí àwọn ọmọdé tí ojú wọn ti jìn sínú, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá wọn padà lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ tí a ti ń fi ṣíbí kékeré fún wọn ní omi yìí. N kì í lè sọ̀rọ̀ nípa prótéènì yẹn bí ẹni pé ohun inú ìwé lásán ni.

Olùkọ́ Tí Ó Ti Fẹ̀yìntì dáhùn pé:

Ọlọ́run á bù kún iṣẹ́ ọwọ́ yín, ìyá. Ẹ jẹ́ kí n fi ìlà díẹ̀ kún un nípa ìpele méjì tí mo ní kò jọra. Ní ojú òde awọ, ẹ̀wọ̀n ṣúgà kéékèèké so mọ́ prótéènì àti ọ̀rá, wọ́n sì yọ síta bí irun. Irú ṣúgà tí ó wà ní ìpẹ̀kun àwọn kan lára wọn ni ó ń sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ ènìyàn jẹ́ A, B, AB tàbí O. Ní ìhà inú, ọ̀rá kan wà tí à ń pè ní phosphatidylserine, tí prótéènì ń ná ATP láti máa dá padà sínú bí ó bá ṣèèṣì bọ́ síta. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ti gbó tàbí tí ó bá ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe, ìdápadà yìí a dáwọ́ dúró, ọ̀rá náà a yọ sóde, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń kó òkú sẹ́ẹ̀lì a sì rí i bí àmì pé kí àwọn wá gbé e mì.

Ní ti òtútù tí mo mẹ́nu kàn lẹ́ẹ̀kan: ìrù ọ̀rá tí ó tọ́ gbọọrọ ń tò pọ̀ gírígírí, èyí tí ó ní ìkọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn ẹja inú omi tútù ń fi ọ̀rá oníkọ̀ọ́ púpọ̀ sínú awọ wọn kí ó má baà dì. Nínú ẹranko, kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù wà láàárín àwọn ìrù náà, kì í jẹ́ kí wọ́n ṣàn jù nínú ooru, kì í sì í jẹ́ kí wọ́n dì jọ nínú òtútù.

Akẹ́kọ̀ọ́ Bàọ́lọ́jì dáhùn pé:

Ẹ má bínú, ọ̀kan péré ló kù. Mo wo fídíò kan tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ dígí gún ẹyin láti fi nǹkan sínú rẹ̀. Wọ́n fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ohun inú ẹyin kò sì dà jáde. Ta ni ó dí ihò náà?

Òṣìṣẹ́ Ilé Ìwádìí dáhùn pé:

Bí ihò bá kéré gan-an, omi náà ni. Etí ihò náà fi ìrù ọ̀rá hàn sí omi, bí etí ẹní tí olùkọ́ wa sọ, nítorí náà ó ń padé padà. Bí ọgbẹ́ náà bá tóbi tó ti abẹ́rẹ́, àwọ̀n prótéènì tí ó wà lábẹ́ awọ lè máa fà á kí ó má padé, ó sì gba iṣẹ́. Kálísíọ̀mù tí ó pọ̀ lóde ju inú lọ a rọ́ wọlé láti ojú ọgbẹ́ náà, òun ni ó sì ń jẹ́ àmì: àwọn àpò ọ̀rá kéékèèké tí ó wà nínú sẹ́ẹ̀lì a sáré wá síbẹ̀, wọn a so pọ̀ mọ́ ara wọn àti mọ́ awọ, wọn a sì lẹ ojú ọgbẹ́ náà pa láàárín ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Bí ẹ bá gún irú ẹyin bẹ́ẹ̀ nínú omi tí a ti yọ kálísíọ̀mù rẹ̀ kúrò, ọgbẹ́ náà kò ní padé, ohun inú rẹ̀ yóò sì dà jáde lójú yín.